Ẹ̀wà tó ní ìrù: ohun tí àwọn oníbàárà máa ń bi mí ní Àjàṣẹ́

Ọmọ Kétu ni mí, ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo ní Benin, ni mo ti ń jẹun. Omi òfio ni mo ń tà, òun náà ni àwọn kan ń pè ní imumu. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé abọ́ ẹ̀wà tó hù sí ẹ̀gbẹ́ ìgò òfio lórí àtẹ ni ẹnu àwọn èèyàn là. Ẹlòmíì á dúró, á wo gbòǹgbò funfun kéékèèké yẹn, á ní ṣé kì í ṣe ìdin nìyí. Ìbéèrè wọn ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí bí wọ́n ṣe bi mí, pẹ̀lú èsì mi.

Ìyá, ṣé kì í ṣe àṣà òyìnbó lẹ gbé dé yìí?

Òyìnbó kẹ̀? Ta ló kọ́ àwọn ìyá wa láti rẹ ẹ̀wà sómi kí wọ́n tó bó èèpo rẹ̀ fún àkàrà? Ta ló ní kí wọ́n fi àgbàdo sómi fún ọjọ́ 2 tàbí 3 kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ fún ògì? Híhù pàápàá kì í ṣe tuntun. Àwọn tó ń pọn ọtí bàbà máa ń rẹ ọkà, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ewé, wọ́n á fi ewé mìíràn bò ó títí yóò fi hù, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á sì lọ̀ ọ́. Ọ̀nà kan náà ni ti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àgbàdo. Ẹni tó bá ti gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá lọ sí Pàràkú mọ ṣùkùtú, ọtí bàbà ibẹ̀, kò sí ohun tí mo fẹ́ kọ́ ọ.

Ohun kan ṣoṣo tó ṣàjèjì sí wa ni pé kí èèyàn mú kóró tó hù, kó dà á sẹ́nu ní tútù láìfi iná kàn án. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń bá àwọn èèyàn jà.

Kí ni ìyàtọ̀ láàrin kí kóró rẹ àti kó hù?

Kóró gbígbẹ dà bí ẹni tó sùn. Ó di oúnjẹ ọmọ rẹ̀ mọ́ra, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí omi bá wọnú rẹ̀, ó jí. Bí a bá gbà á níbẹ̀ tí a sè é tàbí tí a lọ̀ ọ́, rírẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá da omi nù, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, tí a sì ń fi omi tuntun ṣàn án, láàrin ọjọ́ kan sí méjì gbòǹgbò á yọ lẹ́nu rẹ̀. Híhù nìyẹn.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni pé wọ́n á fi ẹ̀wà sínú omi láti òní dé ọ̀tunla, wọ́n á máa retí kó hù. Kò ní hù. Kóró ń mí bíi tèmi tìẹ. Inú omi kò sí ibi tí yóò ti rí afẹ́fẹ́ tó. Kíkan ni yóò kan.

Kí ló wá ń ṣe fún ara?

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni mo máa ń dáhùn èyí, torí àwọn tó ń polówó rẹ̀ ti sọ ọ́ di oògùn gbogbo àìsàn.

Nínú ẹ̀wà, sòyà àti ọkà, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní fítéètì. Ó máa ń so mọ́ irin àti síńkì inú oúnjẹ, tí ara kò fi ní rí wọn mú bó ṣe yẹ. Bí kóró bá rẹ, fítéètì á dín díẹ̀. Bí ó bá hù, á tún dín sí i. Ẹ̀wà tún ní irú ṣúgà kan tí ìfun wa kò lè dà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun ló ń bá wa jẹ ẹ́, ohun tó ń fa inú kíkùn àti sísó nìyẹn. Díẹ̀ lára ṣúgà yìí máa ń bá omi tí a fi rẹ ẹ̀wà lọ. Lẹ́yìn èyí, fítámì C, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú ẹ̀wà gbígbẹ, máa ń jáde bí ó bá ti hù. Fún ilé tí kò sówó ọsàn nígbà ọyẹ́, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Wọ́n tún máa ń sọ pé ẹ̀nsáìmù inú kóró tó hù, ìyẹn ohun tó ń gé oúnjẹ sí wẹ́wẹ́, wà láàyè, pé yóò bá ikùn wa ṣiṣẹ́. Ẹ̀nsáìmù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọmọ kóró ni wọ́n rán an. Tó bá dé ikùn wa, bí ikùn ṣe ń da ẹran náà ni yóò ṣe dà á. Ní ti ẹ̀pà, álímọ́ǹdì àti irú wọn, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Otago ní New Zealand wọ̀n ọ́n wò, wọ́n rí i pé rírẹ kò dín fítéètì inú wọn kù tó bí a ṣe rò. Ẹni tó bá ń rẹ ẹ̀pà torí pé ó fẹ́ kó rọ̀ kò ṣẹ̀. Kó má kàn retí iṣẹ́ ìyanu.

Kóró wo ló ṣeé mú hù?

Ẹ̀wà ló rọrùn jù. Ẹ̀wà àkàrà yìí náà ni, funfun tàbí pupa. Nínú ooru Àjàṣẹ́, ọjọ́ 2 ti tó. Òtílí náà ń hù, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ràn òtílí, bóyá torí pé oko wa ní Kétu kún fún un. Àwọn Fọ̀n ń pè é ní klouékoun. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó máa ń jẹ igi ìdáná bí iná ọ̀run. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú kí ẹ tó gbé e kaná, ẹ ó rí i pé èédú yóò ṣẹ́kù sínú àdògán.

Sòyà ń hù dáadáa, àmọ́ kò ṣeé jẹ ní tútù: ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ikùn lè da oúnjẹ, iná ló ń pa á. Yànmọ̀tí, wákàtí díẹ̀ nínú omi ti tó. Bí ó bá hù gùn, á korò. Ẹ̀gúsí tí wọ́n ti bó kì í sábà hù mọ́, kí ẹ rẹ ẹ́ fún lílọ̀ nìkan.

Òfio tí mo ń tà kì í ṣe kóró rárá. Isu kékeré tó ń ta lábẹ́ koríko ni. Mo máa ń rẹ ẹ́ fún ọjọ́ kan, màá pààrọ̀ omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó lè wú, kí èèpo rẹ̀ lè na, kí ẹrẹ̀ inú ìhunjọ rẹ̀ lè jáde. Ẹni tó bá rí ẹrẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan kò ní jẹ òfio àìfọ̀ mọ́ láéláé.

Èwo ni ká má fọwọ́ kàn?

Awùjẹ, tí àwọn kan ń pè ní pọ̀pọ̀ndó. Májèlé sáyánáìdì máa ń tú jáde lára rẹ̀ bí a bá jẹ ẹ́ ní tútù. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń sè é, tí wọ́n á da omi nù, tí wọ́n á tún sè é. Ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bí kíndìnrín náà: kóró 4 tàbí 5 péré ní tútù lè mú èèyàn bì títí ojú á fi kó sínú. Bí ó rẹ, bí ó hù, kò yí i padà. Kó hó dáadáa lórí iná fún ìṣẹ́jú 30 ló ń pa májèlé rẹ̀. Kó máa gbóná lọ́úlọ́ú lórí iná kékeré kò tó, ó lè mú kó burú sí i.

Èso lárà àti làpálàpá tó yí ọgbà wa ká, májèlé ni àwọn méjèèjì. Mo kọ ọ́ síbí nítorí àwọn ọmọdé, kì í ṣe nítorí àgbà.

Báwo lẹ ṣe ń ṣe é gan-an?

Mo máa ń ṣa ẹ̀wà lójú oòrùn. Èyí tó fọ́, èyí tí kòkòrò ti lu, èyí tó ní àbàwọ́n, gbogbo rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Màá fọ ìyókù lẹ́ẹ̀mẹta, màá da omi lé e ní ìlọ́po mẹ́ta, torí ó máa wú. Èyí tó léfòó, mo máa ń kó o dà nù. Bí mo bá rẹ ẹ́ ní aago 9 alẹ́, aago 6 àárọ̀ ni mo ń da omi rẹ̀ nù.

Lẹ́yìn ìyẹn, asẹ́ tàbí apẹ̀rẹ̀ mímọ́ ni mo ń dà á sí, màá fi aṣọ funfun tó tutù bò ó, màá gbé e síbi tí oòrùn kò dé ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀. Ẹni tí kò bá ní asẹ́ lè lo ìgò onẹ́nu gbòòrò, kó so àwọ̀n ẹ̀fọn tuntun mọ́ ọn lẹ́nu, kó sì dojú rẹ̀ délẹ̀ ní ìdágẹ̀rẹ̀ kí omi lè máa ro. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, mo ń fi omi tó ṣeé mu ṣàn án. Nínú ooru oṣù kẹta, mo ń fi ẹ̀ẹ̀kan kún un. Bí gbòǹgbò bá ti gùn tó kóró fúnra rẹ̀, ó tó. Ó wọ inú firigó nìyẹn, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní fìríìjì, a kì í jẹ́ kó ju ọjọ́ 2 tàbí 3 lọ níbẹ̀.

Fífọ ọwọ́ kì í ṣe àfikún. Ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka owó kò gbọ́dọ̀ wọ inú asẹ́.

Tèmi kò hù, ó kàn rà ni. Kí ló fà á?

Ó lè jẹ́ pé ẹ̀wà yẹn ti kú kó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ nínú àká, èyí tí wọ́n sá sórí páànù gbígbóná, èyí tí iná ti kàn, kò ní hù. Èyí tí wọ́n kó sínú àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ ṣì máa ń hù, torí àìrí afẹ́fẹ́ ló ń pa kòkòrò inú rẹ̀, kì í ṣe oògùn.

Ó sì lè jẹ́ tiyín. Tèmi rí! Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo kó ẹ̀wà sínú garawa, mo de é ní ìdérí pinpin kí eku má bàa débẹ̀, mo lọ sí ìsìnkú ní Kétu. Ìgbà tí mo padà ní ọ̀túnla, mo ṣí garawa, òórùn rẹ̀ lé mi jáde. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ọmọ mi ti bù díẹ̀ nínú rẹ̀ lánàá, ó ní ó dà bí èyí tí mo máa ń tà. Gbogbo òru ló fi bì. Láti ìgbà náà, kò sí ìdérí lórí ohunkóhun tó ń hù nínú ilé mi, aṣọ nìkan.

Bí ó bá ń yọ̀ lọ́wọ́, bí ó bá ń rùn bí ọtí, bí irun funfun tàbí dúdú bá hù lára kóró fúnra rẹ̀, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù. Ẹ má ṣa èyí tó dára nínú rẹ̀. Irun wẹ́wẹ́ funfun tó yí gbòǹgbò ká yàtọ̀ o: bí ẹ bá ṣan án lómi tó sì lẹ̀ mọ́ra, gbòǹgbò ló ní in.

Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ kì í jẹ́ ká jẹ ẹ́ ní tútù? Lórí fóònù, wọ́n ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí ohun tí ẹ̀hù nílò náà ni kòkòrò àrùn nílò: omi, ooru, oúnjẹ àti àkókò. Bí ìdọ̀tí ẹran bá kan kóró kan ṣoṣo nínú oko, kòkòrò yẹn lè wọnú ihò kékeré ara rẹ̀ kó sùn síbẹ̀. Ẹ fọ ọ́ títí, kò ní jáde. Ọjọ́ tí ẹ bá jí kóró ni ẹ jí òun náà.

Ní ọdún 2011, ní Jámánì tí omi ẹ̀rọ wọn mọ́ tí firigó wọn kì í kú, ẹ̀hù kóró kan tí wọ́n ń pè ní fenugreek kó àrùn E. coli ran àwọn èèyàn. Ó lé ní 3,800 tó ṣàìsàn, ó lé ní 50 tó kú. Kíndìnrín ọ̀pọ̀ nínú wọn ló bàjẹ́. Lórí irúgbìn tó ti Íjíbítì wá ni ìwádìí parí sí. Tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí ni kí n sọ ní Àjàṣẹ́ tí iná máa ń lọ lọ́sàn-án gangan?

Nítorí náà, èyí tí mo ń tà lórí àtẹ, mo ti tẹ̀ ẹ́ bọ omi tó ń hó. Ẹ tún sè é nílé. Aboyún, ọmọdé, arúgbó àti ẹni tí ara rẹ̀ kò le kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀hù tútù rárá, kì báà jẹ́ ẹni tó ń ṣe é jẹ́ áńgẹ́lì.

Ọkà bàbà ńkọ́? Ṣé n kò lè mú un hù kí n jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀?

Rárá, rárá, rárá. Ọkà bàbà gbígbẹ kò léwu. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń hù, ọmọ rẹ̀ máa ń kó ohun kan jọ sára tó ń di sáyánáìdì. Inú ewé àti gbòǹgbò rẹ̀ ló pọ̀ sí jù, ohun kan náà tó ń pa màlúù tó bá wọ oko ọkà kékeré. Sísá a sóòrùn nìkan kò mú un kúrò. Àwọn ìyá tó ń pọn ọtí kò ka ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sè é pẹ́ títí, sáyánáìdì á sì bá ooru lọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọkà bàbà tó hù ṣe ìyẹ̀fun, ẹ sá a, ẹ fi ọwọ́ ra á kí gbòǹgbò àti ewé rẹ̀ já dànù, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà kó hó dáadáa lórí iná.

Nọ́ọ̀sì ní kí n fi ìyẹ̀fun àgbàdo tó hù sínú ògì ọmọ mi. Kí ló fẹ́ ṣe?

Ìmọ̀ràn rere ni, mo sì fẹ́ kí gbogbo ìyá mọ ìdí rẹ̀. Ikùn ọmọ oṣù 7 kéré. Bí ẹ bá ro ògì tó ki, kò lè gbé e mì. Bí ẹ bá fi omi là á kó lè mu ún, omi ló mu, ebi kò kúrò. Ìyẹ̀fun àgbàdo tó hù ní ẹ̀nsáìmù kan tó ń gé sítáàṣì sí wẹ́wẹ́. Ṣíbí kékeré kan nínú ògì tó ki bí ẹ̀kọ yóò sọ ọ́ di ṣíṣàn lójú yín, láìfi omi kún un. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo fi han àbúrò mi ní Kétu, ó ní idán ni.

Ẹ ro ògì yín kó ki, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí híhó rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, torí bí ó bá ṣì ń hó, ẹ̀nsáìmù á kú kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ ro ìyẹ̀fun náà mọ́ ọn. Bí ó bá ti là, ẹ gbé e padà sórí iná kó hó, torí kòkòrò àrùn tó lè wà nínú ìyẹ̀fun. Àgbàdo tàbí jéró ni kí ẹ lò fún ọmọ. Èmi kò fi ọkà bàbà ṣe é.

Àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ ń ta kajú tútù. Ṣé ó ń hù?

Kajú tí wọ́n ti fọ́ tó funfun nínú ọ̀rá kò tutù mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò yan án. Ooru ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi sí èèpo rẹ̀ kí wọ́n tó fọ́ ọ, torí òróró inú èèpo yẹn máa ń bó awọ èèyàn bí iná. Ẹ wo ọwọ́ àwọn obìnrin tó ti fi ọwọ́ lásán fọ́ kajú rí. Kajú tó ti rí ooru ti kú, kò lè hù. Ẹ lè rẹ ẹ́ fún wákàtí 3 tàbí 4 kó rọ̀ fún lílọ̀. Ẹ má gbé èyí tó ní èèpo kaná nínú ilé, èéfín rẹ̀ ń ba ojú àti ọ̀fun jẹ́.

Ẹ̀pà tó ti bu, ṣé rírẹ kò lè wẹ̀ ẹ́ mọ́?

Kò lè wẹ̀ ẹ́. Olú tó ń hu lára ẹ̀pà àti àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa máa ń tu májèlé kan tó ń jẹ́ àfilatọ́kísìnì. Omi kò wẹ̀ ẹ́, sísè àti yíyan kò sì pa á tán. Ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà. Ní Kẹ́ńyà ní 2004, àgbàdo tó ní in pa èèyàn 125. Ẹ̀pà tó hunjọ, tó ní àwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ ewé, tó korò lẹ́nu, ẹ tu ú dànù kí ẹ má gbé e mì.

Nítorí èyí, n kì í mú ẹ̀pà hù fún títà. Ó máa ń hù o, bí kò bá tíì pín sí méjì tí iná kò sì kàn án. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 3 nínú ọ̀rinrin jẹ́ àsè fún olú yẹn. Ẹ rẹ ẹ̀pà yín, ẹ sè é pẹ̀lú iyọ̀, ó ti dùn tó.

Mo rí irúgbìn àgbàdo aláwọ̀ pupa lọ́jà, owó rẹ̀ kò wọ́n.

Àwọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń kìlọ̀ pé wọ́n ti fi oògùn sí i, irúgbìn oko ni. Kò sí omi tó lè wẹ̀ ẹ́ kúrò. Bákan náà, ẹ bi ẹni tó ń ta ẹ̀wà fún yín bóyá ó fi oògùn sí i. Bí kò bá ní kòkòrò kan ṣoṣo, tí ó sì ń rùn bí oògùn, èmi kì í rà á. Ẹ̀wà tí kòkòrò jẹ díẹ̀ kò bà mí lẹ́rù tó ẹ̀wà tí kòkòrò sá fún.

Ṣé kí n fi kán-ún rẹ ẹ̀wà?

Yóò rọ̀ kíá, ṣùgbọ́n kán-ún ń ba fítámì B1 jẹ́. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lò ó, kó kéré.

Àgbọn tó hù, ṣé ó ṣeé jẹ?

Ó dùn! Ohun funfun rírọ̀ bíi kànìnkànìn tó wà nínú rẹ̀ ni ọmọ àgbọn fi ń mu oúnjẹ inú rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ etí òkun ní Sèmè kò ní fi ṣẹ́kù fún yín. Òdìkejì rẹ̀ ni kóró òrí: àwọn obìnrin ń bọ̀ ọ́ kí ó má bàa hù, torí òróró kóró òrí tó bá hù kì í dára.

Báwo ni ká ṣe sè ẹ̀wà tó hù yìí?

Kò pẹ́ bí ẹ̀wà gbígbẹ. Ẹ fi omi gbígbóná ṣàn án, ẹ gbé e kaná, ìṣẹ́jú 20 sí 25 á mú un rọ̀ láìfọ́. Ẹ da omi rẹ̀ nù. Lẹ́yìn náà, epo pupa, àlùbọ́sà, ata gígún àti irú díẹ̀ nínú ìkòkò. Kí epo má gbóná jù kó má bàa dúdú. Ẹ da ẹ̀wà sí i, kó bá a mu fún ìṣẹ́jú 10. Ó jọ abọ́bọ̀, ẹ̀wà sísè àwọn Gùn, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ máa ń dún lẹ́nu díẹ̀. Gààrí gbígbẹ ni mo ń wọ́n lé e lórí. Gbogbo ọmọ mi ń jẹ ẹ́. Bàbá wọn nìkan ló kọ̀, ó ní òun kò lè jẹ ẹ̀wà tó ní ìrù.